Ìyá Àgbà àti Ẹrù Ogun Inú Àpótí Gíláàsì

Nǹkan kì í pẹ́ rí Ìyá Àgbà mi lára. Bí ẹ bá fún wọn lómi, wọn á kọ́kọ́ gbé ife náà sókè, wọn á wo ìdí rẹ̀, wọn á gbọ́ òórùn rẹ̀, kí wọ́n tó gbé e kan ẹnu. Bí eṣinṣin bá bà lé oúnjẹ wọn, oúnjẹ ajá ti dé nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá sín láìbo imú, bó tilẹ̀ jẹ́ pásítọ̀, wọn á rọra sún àga wọn sẹ́yìn. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti papòdà ni àwọn ènìyàn ti ń sọ fún mi pé onísùúrù ni wọ́n, pé wọn kì í bínú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe díẹ̀. Ìyá Àgbà kì í pariwo ni. Inú wọn máa ń ru bí ìkòkò sítáàṣì tó ń hó, ìdérí rẹ̀ ni wọn kì í ṣí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí mo bá ń ráhùn pé omi tútù, pé mo ti fọwọ́ tán, wọn á ní: "Àṣàbí, padà síbẹ̀. Ọwọ́ tó mọ́ ò pa ẹnikẹ́ni rí."

Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni wọ́n ṣe. Láti apá Owódé ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni wọ́n ti wá sí Ìkòsì, nígbà tí ẹrẹ̀ àti koríko ṣì pọ̀ níbẹ̀ ju ilé lọ. Aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ń fọ̀, tí wọ́n ń rì bọ omi búlúù, tí wọ́n sì ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀. Ẹni tó bá ń fọ aṣọ ẹlòmíràn á mọ ohun púpọ̀ tí kò yẹ kó mọ̀. Wọ́n mọ ẹni tó ń mu ọtí, wọ́n mọ ẹni tí egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jinná, wọ́n mọ ọkọ tí kò sùn sílé. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọn á kàn fi igi gbé aṣọ náà láti òkèèrè jù sínú omi gbígbóná. Nígbà tí aládùúgbò wa kan fẹ́ kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí lára ṣẹ́ẹ̀tì tíṣà kan, èsì wọn ni pé: "Mo ti fọ̀ ọ́. Ohun tí mo bá ti fọ̀, mi ò rí i mọ́."

Ìjà wọn pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì kò tán títí wọ́n fi kú. Ọ̀rọ̀ ife oúnjẹ alẹ́ Olúwa ni. Ife kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀ṣì wa ń gbé káàkiri nígbà náà, ẹnu gbogbo ìjọ ló sì ń kan ètè rẹ̀. Ìyá Àgbà kọ̀ láti mu ún. Àwọn ìyá ìjọ wá sílé láti bá wọn sọ̀rọ̀. Màmá Olórí Ẹgbẹ́ ní, "Ẹ̀yin Ìyá yìí, ṣé ẹ̀jẹ̀ Jésù lẹ ní ó dọ̀tí ni?" Ìyá Àgbà ní rárá, ẹ̀jẹ̀ Jésù ò lẹ́bi. Wọ́n gbé àga fún wọn, wọ́n fún oníkálùkù ní ife tirẹ̀ láti fi mu omi, wọ́n wá sọ pé: "Olúwa mọ ẹnu yín. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n."

Àwọn obìnrin Agboyi tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé ẹja wá náà ò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọn á la ẹ̀yìn etí ẹja wò, wọn á fi ìka tẹ ẹyinjú rẹ̀. Mo rántí ọjọ́ tí wọ́n sọ fún Ìyá Ẹlẹ́ja kan pé, "Ẹja yìí ti dé ọ̀run, wọ́n ní àyè ò sí, ó wá padà." Obìnrin náà ò jẹ́ kó sùn sọ́dọ̀ rẹ̀: "Ìyá Alágbàfọ̀, ẹ rà á kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi sítáàṣì sí i, á le." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n ra ẹja mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ títí obìnrin náà fi dàgbà tí kò lè gun ọkọ̀ mọ́, wọ́n sì máa ń sọ pé: "Ẹni tó lè bú mi padà ni mo lè fi owó mi fún."

Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń ha ìpẹ́ àwọn ẹja yẹn kì í ṣe ọ̀bẹ ilé ìdáná. Ọ̀bẹ ẹnu ìbọn ni, irú èyí tí àwọn ṣọ́jà ń fi sí orí ìbọn láti gún ènìyàn. Bàbá wa àgbà ló mú un bọ̀ láti ogun Bọ́mà, òun àti akoto irin kan, kòròfo ọta àgbá onídẹ kan tó ga tó orúnkún mi, bàtà gìgìrì kan, àti bẹ́líìtì. Bàbá ti kú tipẹ́. Wọ́n kú nígbà tí ọmọ wọn tó kéré jù ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Gbogbo ẹrù ogun wọn ló ń ṣiṣẹ́ nínú ilé wa. Inú akoto irin ni adìẹ ti ń mu omi. Kòròfo ọta ni Ìyá Àgbà ń gbé lé orí aṣọ tí wọ́n bá ká kí ojú ìlọ̀ rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Bẹ́líìtì ló wà lọ́rùn ewúrẹ́. Mo bi wọ́n nígbà kan pé ṣé kò yẹ ká tọ́jú nǹkan Bàbá dáadáa. Wọ́n ń ha ìpẹ́ ẹja lọ́wọ́. Ìpẹ́ ti lẹ̀ mọ́ wọn lápá títí dé ìgúnpá. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní: "Ohun tó bá ti bá ikú rìn, àfi kó bá ilé ṣiṣẹ́ kó tó lè mọ́."

Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ yẹn ni gbogbo wa ń pè ní Daddy Mende, nítorí ibẹ̀ ló kọ́lé sí. Àbúrò bàbá mi ni. Ènìyàn rere ni, ó lawọ́, ó sì fẹ́ràn kí nǹkan tàn yòò. Nígbà tí òun náà di àgbàlagbà, tí ó ń gbàlejò àwọn ènìyàn ńláńlá, ó ṣàkíyèsí pé gbogbo wọn ló ní bàbá lára ògiri. Òun ò ní. Bàbá wa ò ya fọ́tò kankan tó ṣẹ́ kù. Ọjọ́ tó wá kó àwọn ẹrù náà ní Ìkòsì, mo wà níbẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó gbé ọwọ́ lé orí.

"Mummy! Akoto Daddy! Adìẹ lẹ gbé e fún!"

"Adìẹ ò ṣàròyé."

"Ìtàn ni èyí, Mummy. Òyìnbó á fi gíláàsì bo irú rẹ̀ ni."

"Bó o bá fẹ́ bò ó, ó yé mi," ni Ìyá Àgbà wí. "Àmọ́ ńṣe lo fẹ́ fi hàn."

Wọ́n jiyàn títí. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, tí wọ́n wo ọmọ wọn tó ti hewú tó ń fi áńkáṣífù nu ìgbẹ́ adìẹ kúrò lára irin, wọ́n ní kó máa kó wọn lọ. Ó ti ń ti búùtù ọkọ̀ nígbà tí wọ́n pè é padà: "Bó ti wù kó rí, má gbé wọn ga."

Èmi tí mo jẹ́ tíṣà ni Daddy Mende pè láti bá òun to nǹkan sínú àpótí gíláàsì tó fẹ́ gbé kọ́ ara ògiri pálọ̀ rẹ̀, ó ní ojú tíṣà mọ ètò. Ìsíàkà káfíńtà, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Alápẹ̀rẹ̀, ló kan án. Igi ọ̀gànwó ni, gíláàsì rẹ̀ nípọn, wọ́n sì fi àrán pupa tẹ́ inú rẹ̀. Àrán náà pupa bí ẹ̀dọ̀ ewúrẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. A ki tìmùtìmù sínú akoto kó má bàa yẹ̀, a gba ẹ̀yìn pákó fi wáyà so ó. Ọ̀bẹ dùbúlẹ̀ lórí ìkọ́ méjì, bàtà àti bẹ́líìtì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kòròfo ọta jókòó lórí pákó kékeré, a fi irin dè é ní ìbàdí. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti gbẹ ṣì wà nínú ojú irin akoto. Ìgbálẹ̀ ni mo fi ń yọ ọ́ jáde, ó ń bọ́ sórí àrán. Mo sọ fún Daddy Mende pé ohun tó bá wúwo, ìsàlẹ̀ ló yẹ kó wà.

"Tíṣà, ṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n ń dé akoto sí?"

Ìsíàkà bú sẹ́rìn-ín. Akoto lọ sókè.

Nígbà tí wọ́n gbé e dìde, iṣan ọrùn àwọn ọkùnrin méjèèjì yọ. Ìsíàkà fẹ́ lu ògiri kó sì fi irin gidi há a mọ́ ọn, ṣùgbọ́n Daddy Mende ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà olówó iyebíye kun pálọ̀ náà, ọ̀dà tó ń dán bí awọ ejò. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá ihò sí i, kí wọ́n rọra kan ìṣó. Wòlíì kan tó wà níbẹ̀ ta òróró sára ògiri, ó gbàdúrà pé ohun tí a gbé sókè kò ní wálẹ̀. Gbogbo wa ní àmín. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n lẹ pátákó aláwọ̀ wúrà kan mọ́: AKỌNI TÓ ṢẸ́GUN Ọ̀TÁ.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ nípa Ìyá Àgbà, bí wọ́n bá gbàgbé gbogbo èyí tó kù, ni ohun tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ lójú àpótí náà fún àlejò.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú ni. Pálọ̀ kún fún àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì, abọ́ oúnjẹ wà lórí itan gbogbo wọn. Wọ́n gbé Ìyá Àgbà jókòó síwájú. Alàgbà kan tó ń já ẹran ewúrẹ́ mọ́ eegun, tí ọ̀rá ń ṣàn lọ sí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wa. Àwọn mélòó ni Bàbá pa?"

"Wọn ò pa ẹnikẹ́ni," ni Ìyá Àgbà wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

"Òkú ni wọ́n ń sin," ni wọ́n ń bá a lọ, ohùn wọn lọ sílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá ń ka aṣọ fún oníbàárà. "Bí wọ́n bá jà tán, àwọn ni wọ́n ń rán pé kí wọ́n lọ kó àwọn tó kù sílẹ̀. Tiwa àti ti ọ̀tá. Òjò ibẹ̀ kì í dá. Bí wọ́n bá fa apá, apá á bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ogun tán, gbogbo ẹni tó ń bọ̀ ló ń gbé nǹkan. Ọkọ mi ò ní owó láti ra aṣọ. Ó sì ti fi mí sílẹ̀ ní àfẹ́sọ́nà; ojú ń tì í láti ti ìrìn àjò dé lọ́wọ́ òfo. Ó wá bọ́ ìwọ̀nyí lára àwọn tó ń sin. Ohun tó fi ṣe ẹ̀bùn àjò fún mi nìyẹn."

Wọ́n nawọ́ sí akoto.

"Ìgbà tó gbé ìyẹn fún mi, irun ṣì wà nínú awọ rẹ̀. Irun ènìyàn, pẹ̀lú nǹkan tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ. Eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fi fọ̀ ọ́. Mo fọ̀ ọ́ títí awọ fi já kúrò nínú rẹ̀. Ó jókòó, ó ń wò mí, ó ń sunkún. Ó ní òun ò mọ̀ pé irun wà níbẹ̀."

Ẹnikẹ́ni ò jẹun mọ́. Alàgbà náà gbé eegun rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Èmi, mo wo ọwọ́ mi tí mo fi ki tìmùtìmù sínú akoto yẹn, mo sì nu ún mọ́ aṣọ mi. Mo bá Daddy Mende ní ilé ìdáná níbi tí ó sá sí. Ìyá Àgbà fi ọ̀pá wọn tẹ̀lé mi.

"Mummy, ẹ dójú tì mí lójú àlejò."

"Mi ò dójú tì ọ́. Òkú ni ìwọ dójú tì."

Mo ń fi ọkọ̀ gbé wọn padà sí Ìkòsì, a sì dé Kétu. Ìgbà náà ni wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní kí n gbọ́ dáadáa, nítorí èmi ni mo máa kù. "Bí mo bá kú, ẹ má fi mí síbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Èmi kì í ṣe ẹrù ogun."

Wọn ò dé Mende mọ́. Daddy Mende ń wá sí Ìkòsì, ó ń gbé èso wá. Wọn á gbà á, wọn á súre fún un, wọn á sì fọ èso náà lójú rẹ̀.

A sin wọ́n. Ìsìnkú náà dára, mi ò ní wí ohun mìíràn nípa rẹ̀. Ọjọ́ ìdúpẹ́ tí a dé pálọ̀ Mende ni mo rí i. Fọ́tò Ìyá Àgbà, èyí tí wọ́n wọ bùbá funfun, wà nínú àpótí náà lórí àrán pupa. Wọ́n fi ọ̀bẹ ẹnu ìbọn gbé ìdí rẹ̀ ró. Pátákó ti yí padà: AKỌNI ÀTI AYA RẸ̀. Itọ́ kún ẹnu mi. Mo ní láti jáde lọ tu ú sẹ́yìn ilé.

Mo sọ ohun tí Ìyá Àgbà wí fún mi ní Kétu fún Daddy Mende. Ó ní ọ̀rọ̀ arúgbó ni. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, ọpọlọ wọn pé ju tiwa lọ. Ó ní kí n jẹun, kí n má bàa ba ọjọ́ jẹ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Tíṣà, Mummy ti bínú o! Wọ́n ti ju àpótí lulẹ̀!"

Mo dé Mende, mo bá gíláàsì káàkiri orí rọ́ọ̀gì. Wòlíì ti ní kí gbogbo ilé gbààwẹ̀. Mo wo ògiri. Ìṣó ti tẹ̀, ó ti fa ọ̀dà olówó iyebíye náà jáde pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì, ihò ńlá wá wà níbi tí wọn ò fẹ́ ihò kékeré sí. Mo mú ìṣó kan fún un.

"Daddy, Mummy kì í ju nǹkan mọ́lẹ̀. Ìṣó ni. Ẹrù náà wúwo jù ú, wọ́n sì gbé èyí tó wúwo sókè."

Ó fi ìka tọ́ ibi tí ìṣó náà ti tẹ̀. Bàtà ṣọ́jà ti là nígbà tó bọ́, ẹyin aáyán kún inú rẹ̀, òórùn kan tó dà bí ẹran tí wọ́n gbàgbé sínú ọ̀rá sì gba pálọ̀. A bo imú. Fọ́tò Ìyá Àgbà wà lábẹ́ akoto, gíláàsì rẹ̀ ti fọ́, ojú wọn ò ní nǹkan kan. Mo bẹ̀rẹ̀ láti mú un, ṣùgbọ́n Daddy Mende ti ṣáájú mi. Ó gbé e mọ́ àyà. Ó ní Ìsíàkà yóò wá lu ògiri báyìí, yóò fi irin há a, kò ní wálẹ̀ mọ́ títí ayé. Iṣẹ́ mi ni kí n kọ ọ̀rọ̀ tuntun tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ dáadáa, nítorí Yorùbá mi jinlẹ̀.

Mo jókòó, mo kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, mo sì fún un. Ohun tí mo kọ ni pé: Ẹrù àwọn òkú tí a kò mọ orúkọ wọn nìyí. Bàbá wa ló sin wọ́n. Wọn kì í ṣe tiwa.

Ó kà á. Ó tún un kà.

"Tíṣà, kí ni mo wá ní?" ni ó bi mí. Mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. "Ẹ̀yin gbogbo yín lẹ ní nǹkan. Ìwọ, bàbá rẹ gbé ọ lọ sí ilé ìwé. Èmi, mi ò mọ ojú tèmi. Bí mo bá gbé ìwọ̀nyí kúrò, kí ni mo máa nawọ́ sí pé bàbá mi nìyí?"

Mo sọ fún un pé bàbá tó sunkún nítorí irun òkú, bàbá rẹ̀ nìyẹn. Pé nígbà tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí àwọn ọmọ ọlọ́mọ wọ̀nyẹn ò sí nítòsí, òun ló bò wọ́n ní ilẹ̀, tiwa àti ti ọ̀tá. Mo ní mi ò mọ ọkùnrin púpọ̀ lára ògiri àwọn ènìyàn ńláńlá tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó tún wo ìwé náà.

"Èyí ò ṣeé fi han àlejò."

"Rárá o, Daddy. Kò ṣeé fi hàn wọ́n."

Ìríra náà kò tíì kúrò lára mi, mi ò sì ní parọ́ pé ó ti kúrò. Àpò ìrẹsì ló kó akoto, ọ̀bẹ àti ìyókù sí, wọ́n wà lábẹ́ àtẹ̀gùn rẹ̀ títí di òní, a kò tíì fẹnu kò lórí ibi tí a ó kó wọn lọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà, ó jókòó sórí rọ́ọ̀gì láàárín gíláàsì, ó fi etí bùbá rẹ̀ nu eruku àti èérún dígí kúrò lójú ìyá rẹ̀, ó nu ún dé igun gbogbo bí wọ́n ti kọ́ wa láti nu nǹkan, ó sì nà án sí mi.

"Gbà," ó ní. "Máa mú Mummy lọ sílé."